Wáyà ilé ìdáná: bí a ṣe ń fà á tí owó kò fi ní ṣòfò, tí iṣẹ́ kò sì ní di méjì

Táìsì mẹ́jọ la fọ́ nílé ìdáná kan ní Àkóbọ̀, n'Íbàdàn, ká tó rí ibi tí iná ti ń jó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí màmá onílé fi ń se omi tíì ni wọ́n ní ó máa ń gbóná, ó sì ti yọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi ti pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n tún un pààrọ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ìgbà tí a la ògiri la tó mọ̀dí. Wáyà 1.5mm ni wọ́n fi fa sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sì gùn tó, wọ́n bá so ó mọ́ òmíràn nínú páìpù, wọ́n fi téèpù wé e, bíríkìlà sì rẹ́ ògiri bò ó. Wáyà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ kò ju mítà mẹ́rin lọ. Irú táìsì tí a fọ́ kò sí lọ́jà mọ́, ni màmá bá tún gbogbo ògiri náà tẹ́ láti òkè délẹ̀.

Àtìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ iná ilé, ohun tójú mi rí ni pé kì í ṣe orí wáyà lowó ti ń ṣòfò jù. Orí àtúnṣe ni: ògiri tí a là lẹ́ẹ̀mejì, bọ́ọ̀sì (àpótí kékeré inú ògiri tí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ń jókòó lé) tí kábíńẹ́ẹ̀tì lọ bò mọ́lẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta tó jókòó de bíríkìlà láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù, kó má lọ dín wáyà kù. Ṣọ́ọ̀kì àti téèpù ìwọ̀n ni kó kọ́kọ́ mú dání.

Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, tàbí èyí tí wọ́n fẹ́ tún ilé ìdáná rẹ̀ ṣe pátápátá ní Nàìjíríà níbí, ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: iná fóltì 230, páìpù inú ògiri, wáyà ẹyọ kọ̀ọ̀kan aláwọ̀ pupa (tó ń gbé iná wá), dúdú (tó ń dá a padà) àti ewé mọ́ yẹ́lò (áàtì, tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀). Bí ẹ bá jẹ́ onílé, ẹ kà á kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ óò béèrè, kí ẹ sì gba oníná tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ iná. Ẹ má fọwọ́ ara yín kan DB, ìyẹn àpótí tí àwọn bírékà tó ń já iná sílẹ̀ bó bá pọ̀ jù wà. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́, ó yá, ẹ mú bírò.

Ẹ ka ohun tí wọ́n máa fi síná

Ẹni tó ń dáná ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe ẹni tó ń sanwó nìkan. Bàbá onílé kan sọ fún mi pé sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ti tó. Ìyàwó wọn dé nírọ̀lẹ́, wọ́n wo ògiri tí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin oníná, níbo ni fírísà mi máa wà? Níbo ni mo ti máa lọ ata?" Mo pa àmì rẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ká ní a ti la ògiri ni, ọjọ́ kan gbáko ni ìbéèrè yẹn ì bá gbà lọ́wọ́ wa.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdí tàbí ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ wáàtì rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fi 230 pín in, ámpù, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá, ló máa jáde. Kẹ́tù 2,200 wáàtì ń jẹ nǹkan bí ámpù 9.6. Maikirowéfù tó ń fa 1,200 ń jẹ 5.2. Bílẹ́ńdà 500 ń jẹ 2.2. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ámpù 17 ni, bírékà 20 gbà á. Àmọ́ bí wọ́n bá tún tan sítóòfù oníná 2,000 wáàtì, 8.7 mìíràn wọlé, ó di nǹkan bí 26, bírékà lè já sílẹ̀. Ìyẹn ni mo fi ń ṣe sákíìtì sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ìyẹn ìlà wáyà méjì tí ìkọ̀ọ̀kan ní bírékà tirẹ̀, fún ilé ìdáná tí kò tóbi rárá pàápàá: kẹ́tù wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, sítóòfù oníná tàbí ẹ̀rọ dínńdín wà ní ìkejì.

Ọ̀rọ̀ ínfátà náà, ìsinsìnyí ni kí ẹ yanjú rẹ̀, bí onílé kò tiẹ̀ tíì rówó rà á. Gílóòbù, fíríìjì, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan fún fóònù àti bílẹ́ńdà ló yẹ kó wà lápá ínfátà. Kẹ́tù, sítóòfù oníná àti maikirowéfù kò gbọdọ̀ débẹ̀. Bátìrì ò ní í pẹ́ kú. Wáyà dúdú ti apá ínfátà gbọ́dọ̀ dá dúró, kó má bá ti àwọn yòókù pọ̀ níbì kankan. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti pa wáyà dúdú pọ̀ mọ́ ara wọn, tí ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án. Láti tú u palẹ̀, ògiri la tún là.

Bí gáàsì ni ìdílé náà ń lò, tí wọ́n sì ń rò ó pé lọ́jọ́ iwájú àwọn lè ra kúkà oníná ńlá, ẹ má ra wáyà 6mm tọ́jú sínú ògiri. Páìpù 25mm lásán ni kí ẹ gbé láti DB dé ibi tí kúkà máa wà, kí okùn ọ̀rá wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ìdérí pa bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé. Owó páìpù lásán ni. Lọ́jọ́ tí kúkà bá dé, wákàtí kan tó láti fa wáyà sínú rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì lórí ògiri

Ẹ pe káfíńtà tó máa ṣe kábíńẹ́ẹ̀tì, púlọ́ńbà, àti onítáìsì sójú kan náà lọ́jọ́ kan náà. Mo mọ̀ pé ó nira, nítorí ìkọ̀ọ̀kan wọn á sọ pé òun wà lọ́nà. Ẹ ṣáà ní sùúrù. Ìdajì ọjọ́ yìí ló ń gba ọjọ́ mẹ́ta là.

Ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń fà ni ìlà tó fi mítà kan ga ju ilẹ̀ lọ, yí gbogbo yàrá ká. Ilẹ̀ wo? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ilẹ̀ tí ẹ dúró lé yẹn kọ́. Bíríkìlà ṣì máa da sìmẹ́ńtì sí i, onítáìsì sì máa tẹ́ táìsì lé e, èyí tó lè tó íǹṣì méjì sí mẹ́ta. Bí ẹ bá wọ̀n láti orí kọnkéré lásán, gbogbo bọ́ọ̀sì yín ló máa rì sílẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn, sọ́kẹ́ẹ̀tì á wá sún mọ́ ojú tábìlì ìdáná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ bi onítáìsì léèrè ibi tí ilẹ̀ máa parí sí, kí ẹ wọ̀n látibẹ̀.

Tábìlì ìdáná sábà máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Àárín bọ́ọ̀sì sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń fi sí mítà 1.15 láti ilẹ̀, ìyẹn á fi nǹkan bí íǹṣì mẹ́sàn-án ga ju tábìlì lọ, omi tó bá dànù kò ní í débẹ̀, okùn kẹ́tù á sì débẹ̀. Láti etí síǹkì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ ọn jù, kó má dín ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ má fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè iná gáàsì, òru àti epo á bà á jẹ́. Ẹ má sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ sílíńdà gáàsì. Bó bá ṣeé ṣe, kí sílíńdà wà níta.

Páìpù gbọ́dọ̀ lọ tààrà: sókè, sílẹ̀, tàbí ní ìbú láti bọ́ọ̀sì dé bọ́ọ̀sì. Ẹ má dá a ní ìdábùú láti igun dé igun. Òótọ́ ni pé ìdábùú á dín wáyà kù ní ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí káfíńtà bá dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, tó fẹ́ lu ihò fi kábíńẹ́ẹ̀tì kọ́, ibi tí kò sí bọ́ọ̀sì lókè rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa lu, ibẹ̀ sì ni wáyà yín máa wà.

Ẹ bi onítáìsì bákan náà nípa ibi tí ìpàdé táìsì máa bọ́ sí. Bí bọ́ọ̀sì bá wà ní àárín táìsì kan ṣoṣo, gígé kan ni. Bó bá bọ́ sí ibi tí táìsì mẹ́rin ti pàdé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa gé, ọ̀kan nínú wọn á sì fọ́. Kí ẹ sún bọ́ọ̀sì ní íǹṣì méjì péré, ẹ ti gba onítáìsì lọ́wọ́ wàhálà.

Ìṣirò wáyà

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìdáná kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti 10 lóòró, tí àjà rẹ̀ ga ní mítà mẹ́ta. DB wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ga ní mítà 1.8. Láti DB sókè dé àjà jẹ́ mítà 1.2, láti ibẹ̀ lórí àjà dé ògiri ilé ìdáná, mítà 5, wálẹ̀ dé bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, 1.85. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́jọ àti díẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì jìnnà sí àkọ́kọ́ ní mítà 1.5. Ẹ fi 20 sẹ̀ǹtímítà kún un fún orí wáyà kọ̀ọ̀kan nínú bọ́ọ̀sì, àti 60 fún inú DB. Sákíìtì kìíní wá jẹ́ mítà 11. Ìkejì, tó lọ sí ògiri òdìkejì, fi mítà mẹ́ta gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: 14. Àpapọ̀ jẹ́ mítà 25 pupa, 25 dúdú, 25 áàtì, gbogbo rẹ̀ 2.5mm.

Àwọn kan á ní kí lẹ dé tí ẹ kò ṣe ring, ìyẹn kí wáyà jáde láti DB, kó yí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ká, kó tún padà sí DB. Mo ti ṣírò rẹ̀ fún yàrá yìí kan náà. Láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì dé ìkẹta jẹ́ mítà mẹ́rin, ìpadàbọ̀ sí DB sì ju 11 lọ, ó sì máa gba mítà 29 lórí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bírékà 32 kan ṣoṣo ló máa gbé e. Sákíìtì méjì tó dá dúró gba 25, wọ́n sì jẹ́ 20 àti 20, tó jẹ́ 40. Bí ọ̀kan bá já sílẹ̀ lóru, fíríìjì àti ìkejì ṣì ń ṣiṣẹ́. Bírékà kan tó lé sí i nìkan ni ẹ máa fi rà á. Nínú ilé ńlá tí sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀ rẹpẹtẹ, ring ní àǹfààní tirẹ̀. Nínú ilé ìdáná kékeré tó jìnnà sí DB, èmi kì í ṣe é.

Ṣé 2.5 tó, àbí ká lo 4mm kí ọkàn balẹ̀? Bí ámpù 20 bá ń gba inú wáyà 2.5mm kọjá fún mítà 14, fóltì márùn-ún ló máa dínkù lójú ọ̀nà. Nínú 230, kò já mọ́ nǹkan. Wáyà 4mm níbẹ̀, fáàrí ni. Ṣùgbọ́n bí DB bá jìnnà ní mítà 30, ó máa dínkù ní fóltì 10.8, a sì ti ń sún mọ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó yẹ kó jẹ́ òpin. Níbẹ̀ ni 4mm ti wúlò, torí 6.6 péré ni yóò jẹ́.

Fíríìjì tó wà lápá ínfátà máa gba mítà 10 mìíràn lórí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti gílóòbù kò ṣòro: wáyà 1.5mm, bírékà 6 tàbí 10. Wáyà pupa máa lọ sí suwíìṣì kó tó lọ sí gílóòbù, dúdú á ti orí gílóòbù kan bọ́ sí òmíràn láìyà sí suwíìṣì. Ẹni tó bá ń fa dúdú sọ̀kalẹ̀ sí suwíìṣì tó tún ń fà á gòkè, ó ń fi mítà mẹ́ta ṣòfò lórí suwíìṣì kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ sí ibi kankan tí wọ́n ti fo áàtì.

Ní ọjà

Róòlù wáyà tí wọ́n ń tà, ẹ wo bébà rẹ̀ dáadáa bóyá yáàdì ni tàbí mítà. Ọgọ́rùn-ún yáàdì jẹ́ mítà 91. Ẹ ò lè ṣírò pẹ̀lú mítà kí ẹ wá ra yáàdì, kí ẹ wá máa bú ọmọ iṣẹ́ pé ó jí wáyà. Fún ilé ìdáná kan ṣoṣo bí èyí tí mo ṣírò, mítà 35 lórí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni gbogbo rẹ̀, ẹ fi mítà méjì lé e. Bó bá jẹ́ pé kò sí iṣẹ́ mìíràn nínú ilé, ẹ ní kí wọ́n gé e fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gígé máa ń wọ́n díẹ̀ ju róòlù lọ. Bó bá jẹ́ gbogbo ilé lẹ ń ṣe, róòlù ni kí ẹ rà.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Wáyà tí ó jẹ́ bàbà lójú, tó jẹ́ alumíníọ̀mù ní inú, ti kún ọjà. Ẹ bó orí rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu abẹ fá a fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bí ó bá ń pupa títí dé inú, bàbà ni. Bí funfun bá yọ, ẹ dá a padà. Ẹ tún gbé róòlù sórí òṣùwọ̀n: bàbà tó wà nínú ọgọ́rùn-ún yáàdì wáyà 2.5mm nìkan wúwo tó kílò méjì, a ò tíì ka rọ́bà tó bò ó mọ́ ọn. Róòlù tí kò tó kílò méjì, yálà kò gùn tó, tàbí kò nípọn tó, tàbí kì í ṣe bàbà. Ẹni tó bá ní irin ìwọ̀n tíńtín lè wo ìnípọn rẹ̀: wáyà 2.5 oníhóró kan (2.5 yẹn jẹ́ ìwọ̀n fífẹ̀ ojú bàbà bí a bá gé e, kì í ṣe ìnípọn rẹ̀ láti etí dé etí) gbọ́dọ̀ tó 1.78mm, ti 1.5 jẹ́ 1.38mm.

Níbi tí mo ti gbà kí ẹ dín owó kù ni ojú suwíìṣì. Àwọn aláwọ̀ góòlù tó ń dán kò fi ohunkóhun dáàbò bo ilé ju funfun lásán lọ. Ẹ kó owó yẹn sórí bírékà tó ń gba ẹ̀mí là, èyí tí wọ́n kọ 30mA sí lára. Ó máa já sílẹ̀ bí iná bá gba ara ènìyàn tàbí inú omi bọ́ sílẹ̀. Kò rọ́pò bírékà lásán, méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ papọ̀, kò sì sí ohun tó lè rọ́pò irin áàtì tí a gún mọ́lẹ̀ níta.

Ṣíṣí ògiri, kí bíríkìlà tó rẹ́ ẹ

Ẹ má ṣe póìǹtì kan (ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì, suwíìṣì tàbí gílóòbù kan) tán kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ gbogbo ebè kó tó gbin iṣu, bẹ́ẹ̀ náà ni: ẹ fi ẹ̀rọ gíráíńdà gé gbogbo ìlà lọ́jọ́ kan, ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì hú u lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé gbogbo bọ́ọ̀sì àti páìpù sí i lọ́jọ́ kẹta. Ẹni kan ni kó máa gé, kí ẹnì kejì máa wọ́n omi síbẹ̀ pẹ̀lú ike. Kí wọ́n bo imú àti ojú.

Gígé méjì tó fi íǹṣì kan jìnnà síra ni, ṣísẹ́ẹ̀lì á wá yọ àárín rẹ̀ bí ẹni ń bó ẹ̀pà. Ẹni tó bá kàn fi hámà àti ṣísẹ́ẹ̀lì lu búlọ́ọ̀kù oníhò, etí búlọ́ọ̀kù náà á wọ inú, ihò á di ńlá, sìmẹ́ńtì tí bíríkìlà máa fi dí i á ju owó ẹ̀rọ tí ẹ ì bá yá lọ. Ìlà tó lọ ní ìbú kò gbọ́dọ̀ jìn ju ìdá kan nínú mẹ́fà ògiri lọ. Lára ògiri íǹṣì mẹ́fà, íǹṣì kan péré ni. Ẹ má la ògiri níwájú àti lẹ́yìn ní ojú kan náà.

Níbi tí páìpù ti máa tẹ̀, ẹ fi sípírìn sínú rẹ̀ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbùnwọ́ kékeré tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù yá láti fi sí i, ṣùgbọ́n yóò gbà á padà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fa wáyà. Ìtẹ̀sí méjì láàárín bọ́ọ̀sì sí bọ́ọ̀sì ti tó. Páìpù 20mm tó ní ìtẹ̀sí méjì, wáyà 2.5mm mẹ́fà ni kó gbà mọ, kì í sì í ṣe ti sákíìtì sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Ìdí ni pé wáyà 2.5 tó lè gbé ámpù 24 bó bá dá wà nínú páìpù, bí sákíìtì mìíràn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa mú ara wọn gbóná, kò ní í lè gbé ju 19 lọ. Bírékà 20 ò sì ní í mọ̀. Ẹ gbé páìpù kejì, kò wọ́n.

Etí bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ bá ojú ibi tí bíríkìlà máa rẹ́ ògiri dé mu. Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀n ọ́n. Bí bọ́ọ̀sì bá rì jù, tí táìsì tún wá lé e, sùkúrù tó bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wá kò ní í dé ibi tó yẹ, ẹ ó máa wá sùkúrù gígùn kiri ọjà. Lẹ́yìn náà, ẹ rọ bébà àpò sìmẹ́ńtì nínú omi, kí ẹ ki í bọ inú bọ́ọ̀sì títí yóò fi kún. Ó ń gbẹ, ó sì ń le, sìmẹ́ńtì bíríkìlà kò ní í ráyè wọ ẹnu páìpù. Wákàtí méjì ni mo fi ń lo nǹkan onímú wú sìmẹ́ńtì jáde nínú páìpù kan rí. Látìgbà náà, mi ò gbàgbé bébà mọ́.

Kí bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ na téèpù ìwọ̀n sára ògiri kọ̀ọ̀kan kí ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kí nọ́ńbà orí téèpù hàn. Ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí onílé.

Fífa wáyà

Bíríkìlà ti rẹ́ ògiri tán, ó ti gbẹ. Ẹni méjì péré lẹ nílò níbí. Ẹni kẹta á kàn máa tẹ fóònù ni. Ẹ ki ọ̀pá irin kan bọ àárín róòlù mẹ́ta, pupa, dúdú àti áàtì, kí ẹ gbé ọ̀pá náà lé orí búlọ́ọ̀kù méjì. Róòlù á máa yí bí òwú lára kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá ń tú u ní ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́, ó máa lọ́, ó máa ká, á sì há mọ́ inú ìtẹ̀sí páìpù.

Ẹ bó orí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gùn dọ́gba: ọ̀kan gùn, èkejì kúrú sí i, ẹ̀kẹta kúrú jù. Ẹ kọ́ wọn mọ́ orí okùn tó gba inú páìpù kọjá, kí ẹ wá fi téèpù wé e láti iwájú lọ sẹ́yìn títí yóò fi rí bí orí ọfà, tí kò sí ibi tó yọ gánńgán. Ẹ bu pọ́dà ọmọdé sí i lára. Ẹ má lo ọ́ìlì tàbí gíríìsì, ó ń jẹ rọ́bà. Ẹni tó wà lápá DB ń tì í, ẹni tó wà nílé ìdáná ń fà á, kí wọ́n máa ké sí ara wọn, "Ṣé ó ń bọ̀?" "Ó ń bọ̀!" Bó bá há, kí wọ́n má jà á. Kí wọ́n fà á padà díẹ̀, kí wọ́n tún un fà. Gbogbo wáyà tó ń gba páìpù kan gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà tí a bá fà lẹ́yìn àwọn yòókù á máa ha wọ́n lára.

Kò sí ìsopọ̀ nínú páìpù. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ Àkóbọ̀ fún yín. Bí wáyà kò bá tó, ẹ fà á jáde kí ẹ lò ó níbòmíràn tó kúrú. Àgékù wáyà tó bá ju mítà kan lọ, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún suwíìṣì àti inú DB. Ẹ fi téèpù oníbébà lẹ orí wáyà kọ̀ọ̀kan ní DB, kí ẹ kọ ibi tó ń lọ sára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má di pé ẹ ó tún máa wá a kiri lọ́la.

Ìdánwò, kí onítáìsì tó dé

Ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ kánjú dé nìyí. Kò tíì sí iná lára rẹ̀. Ẹ fi mítà ọwọ́ tí a fi ń wọ̀n iná wò ó bóyá pupa ti DB ni pupa ti bọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni dúdú àti áàtì. Lẹ́yìn náà, ẹ lo mẹ́gà fóltì 500, ẹ̀rọ tó ń wọ̀n bí rọ́bà wáyà ṣe ń dènà iná tó, láàárín pupa àti dúdú, pupa àti áàtì, dúdú àti áàtì. Ìdènà náà kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ mẹ́gáọ́mù kan. Wáyà tuntun tó dára máa ń ju ọgọ́rùn-ún lọ fíìfíì. Bó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ẹ rí lára wáyà tuntun, rọ́bà ti ha níbì kan tàbí omi ṣì wà nínú páìpù. Ní báyìí, fífà á jáde jẹ́ iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn táìsì, ẹ mọ ohun tó máa jẹ́. Ẹ má fi mẹ́gà kan gílóòbù, ínfátà tàbí bírékà 30mA. Kí wọ́n má tíì sí níbẹ̀ rárá.

Owó iṣẹ́

Póìǹtì ni a fi ń dáwó lé iṣẹ́ iná, ibẹ̀ náà ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjì jẹ́ póìǹtì kan tàbí méjì? Páìpù òfìfo ti kúkà ńkọ́? Ẹ pín owó sí mẹ́ta, kí wọ́n san apá kìíní nígbà tí páìpù bá wọlé tán, ìkejì lẹ́yìn ìdánwò mẹ́gà, ìkẹta nígbà tí ilé bá mọ́lẹ̀. Ní èrò tèmi, ẹ má gba iṣẹ́ páìpù lówó ojúmọ́, ojúmọ́ á máa gùn. Ẹ má sì gba wíwá àléébù inú ilé àtijọ́ ní póìǹtì, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa parí sí.

Fífi ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì sí i

Ẹ bó wáyà níwọ̀n tí bàbà ò ní í yọ síta lẹ́yìn ihò sùkúrù. Níbi tí wáyà méjì ti wọ ihò kan, ẹ tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ fún un, kí ẹ wá fa ìkọ̀ọ̀kan wọn wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀kan máa ń mú dáadáa tí èkejì kàn fara tì í. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń yọ́ nílé ìdáná, bí kì í bá ṣe wáyà tín-ín-rín, sùkúrù tí kò fún ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ kọ orúkọ bírékà kọ̀ọ̀kan sí ìlẹ̀kùn DB pẹ̀lú máàkà, kì í ṣe bírò.

Mo máa ń padà lọ lẹ́yìn bí oṣù kan tí wọ́n ti ń dáná níbẹ̀. Mo á pa bírékà ńlá, mo á fi tẹ́sítà rí i dájú pé iná ti kúrò, mo á ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́tù àti ti fírísà, mo á sì gbé sukúrúdíráfà lé sùkúrù wọn. Bàbà máa ń gbóná, ó máa ń tutù, ó sì máa ń rọ̀ díẹ̀ nídìí ibi tí a ti fún un. Kì í ṣẹlẹ̀ kí n má bá ọ̀kan tó ṣì gba ìyípo díẹ̀ sí i.